DD-214 (ìwé ìjáde sójà) mi kún fún àṣìṣe: orúkọ, mẹ́dà, Kùwéètì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Houston)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé àwa tá a ti wọṣọ sójà Amẹ́ríkà rí pọ̀ díẹ̀ níbí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá. Mo wọ Army ní 2011, mo jáde ní 2015, awakọ̀ tírélà ni mí, 88M, mo sì lo oṣù mẹ́sàn-án ní Camp Arifjan ní Kùwéètì láàrin 2012 sí 2013, ooru ibẹ̀ yẹn, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ń wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ni àǹtí tó ń yẹ ìwé wò bá ní òun ò rí nǹkan kan lórí DD-214 mi tó fi hàn pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí máàkì márùn-ún tí wọ́n máa ń fún sójà àtijọ́. Mo ní há! Mo délé, mo yọ ìwé náà nínú dúrọ́ọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà àfẹ́sọ́nà, ara mi bù máṣọ. Àpótí 12f tí wọ́n ń kọ iye ìgbà téèyàn lò lókè òkun sí, òdo, òdo, òdo. Àpótí 13 tó jẹ́ ti mẹ́dà, National Defense, GWOT (Global War on Terrorism) Service, Army Service Ribbon, ó tán. ARCOM (Army Commendation Medal) tí kámáńdà fún mi níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ńkọ́? Kò sí. Ó wá kan orúkọ mi fúnra ẹ̀ lókè pátápátá: Oluwaseun di OLUWASUEN. Gbogbo ọdún yìí n ò rí i! Ṣé VA, àjọ tó ń bójú tó sójà àtijọ́, ni mo máa gbà lọ ni àbí lọ́yà? Ọkùnrin kan tá a jọ pàdé níbi ìkómọ ní tí mo bá mú 800 dọ́là wá òun á bá mi tún un ṣe.

Sájẹ́ńtì Tó Ti Fẹ̀yìntì (Killeen, Texas)

Àbúrò mi, fi 800 dọ́là ẹ sápò. Kò sí ibi kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ìjọba ti ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. 42A ni mí, akọ̀wé sójà, kí n tó fẹ̀yìntì, èmi gan-an ni mo máa ń jókòó tẹ DD-214 fún àwọn èèyàn, torí náà mo mọ ìtàn gbogbo yín. Èèyàn ti di ẹrù sínú ọkọ̀, ìyàwó ń pè lórí fóònù, mo ní jọ̀ọ́ ka ìwé yìí dáadáa kó o tó fọwọ́ sí i, á ní sájẹ́ńtì kò séwu, á fọwọ́ sí àpótí 21, ó di títì. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ á wá máa bú akọ̀wé. N ò sọ pé akọ̀wé ò jẹ̀bi o! Ọjọ́ míì wà tí mo ń tẹ ogójì irú ẹ̀ tí ojú mi ti ń ṣú.

Ohun àkọ́kọ́: má fi bírò kan ìwé yẹn. Wò ó dáadáa, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé téèyàn bá yí nǹkan kan padà ní ibi tí wọ́n kùn ní dúdú fẹ́ẹ́rẹ́, ìwé náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo mọ ẹnì kan tó fi Tipp-Ex tún orúkọ ìyá ẹ̀ ṣe lórí tiẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ di ẹjọ́.

Ìkejì, VA kọ́ ló ń tún DD-214 ṣe. VA ń fún yín lówó, ń tọ́jú yín, ìwé sójà kì í ṣe tiwọn. Àwọn National Personnel Records Center tó wà ní St. Louis náà, àwọn ń tọ́jú fáìlì ni, bíi ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀ka tó o ti sìn ló máa tún tiẹ̀ ṣe. Fún àwa Army tá a ti jáde, Human Resources Command ní Fort Knox, Kentucky ni. Tí wọ́n bá gbà pé àṣìṣe ni, wọn ò ní tẹ 214 tuntun fún ẹ, ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ DD-215 ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, ó máa sọ pé "àpótí báyìí, pa èyí rẹ́, fi tọ̀hún kún un". Fi í mọ́ 214, kí àwọn méjèèjì máa rìn pọ̀ títí láé. Má ju 214 nù o!

Ìkẹta, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kó o tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, lọ sórí milConnect tàbí eVetRecs, béèrè fáìlì ẹ látòkè délẹ̀, kì í ṣe 214 nìkan. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń yọ ẹ́ lẹ́nu, fọ́ọ̀mù SF-180 wà tó o lè kọ kó o fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tó bá dé, wá bá mi níbí, sọ fún mi bí orúkọ ẹ ṣe wà lórí DD Form 4, ìyẹn kọ́ńtíráàtì tó o fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó o wọlé. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn wà. Tó bá jẹ́ pé Oluwaseun ló wà níbẹ̀ àti lórí ìwé owó oṣù ẹ, a jẹ́ pé ọwọ́ akọ̀wé ló yọ̀ nígbẹ̀yìn, DD-215 ti parí ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé láti DD Form 4 ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ wá, iṣẹ́ Bọ́ọ̀dù tó ń tún ìwé sójà ṣe nìyẹn, ìyẹn ń pẹ́.

Àbúrò Navy (San Diego)

Mo kàn fẹ́ fi kún un fún àwọn tí kì í ṣe Army: Navy, ẹ lọ bá Navy Personnel Command ní Millington, Tennessee. Air Force, AFPC (Air Force Personnel Center) tó wà ní Randolph ní San Antonio. Àwọn National Guard, ìwé tiyín NGB-22 ni, tí wọ́n bá tún un ṣe NGB-22A ló ń jẹ́, ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ yín lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo yín ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé fọ́tò DD-214 síbí o, nọ́ńbà Social Security yín wà lórí ẹ̀. Mo ti rí i tí ẹnì kan ṣe é lánàá, mo kígbe.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Houston)

Ẹ ṣeun gan-an sà. Fáìlì ti dé o, ó lé ní àádọ́rùn-ún ojú ìwé. DD Form 4 kọ ọ́ dáadáa, OLUWASEUN. Ìwé owó oṣù náà dáa. DD-214 nìkan ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń dùn mí ni pé kò sí òǹtẹ̀ tàbí òdà (ìwé àṣẹ) kankan nínú fáìlì náà tó sọ pé mo lọ Kùwéètì. Àfi bíi pé mo lá àlá ni.

Sájẹ́ńtì Tó Ti Fẹ̀yìntì (Killeen, Texas)

Kò já sí nǹkan. Owó kì í parọ́. Tó o bá wà ní Kùwéètì ní 2012, wọ́n san owó ewu fún ẹ, 225 dọ́là lóṣù ni tí oṣù bá pé, wọ́n sì yọ owó orí kúrò lórí owó oṣù ẹ. Wá LES (ìwé owó oṣù) ẹ àtijọ́, wo bóyá o fi ránṣẹ́ sí ara ẹ nínú íímeèlì. Tí o ò bá rí i, wá W-2 (ìwé owó orí ọdọọdún) ti 2012. Wo àpótí 12, tí o bá rí lẹ́tà Q pẹ̀lú iye owó níwájú ẹ̀, owó ojú ogun tí wọn ò gba owó orí lórí ẹ̀ nìyẹn. Mo ti fi Q yẹn ran èèyàn bíi márùn-ún lọ́wọ́. Àwọn nǹkan míì tó lè jẹ́rìí: ìwé owó ìrìn-àjò DD 1351-2, ìwé àyẹ̀wò ara tó o kọ nígbà tó o ń padà bọ̀, DD 2796, ERB ẹ tí wọ́n kọ ibi tó o ti sìn sí. Tí NCOER (ìwé tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ sájẹ́ńtì) bá wà, wò ó, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ó wa kọnfọ́ọ̀ì báyìí báyìí".

Wàyí o, jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí àǹtí ibi iṣẹ́ yẹn ń sọ, torí mo rò pé ó tọ̀nà àmọ́ kò yé ẹ. Àwọn tó sìn láàrin September 11, 2001 sí August 31, 2010, tí wọ́n sìn kọjá 180 ọjọ́ léraléra, àwọn yẹn ń gba máàkì márùn-ún láìsí wàhálà mẹ́dà. Ìwọ wọlé ní 2011, ọkọ̀ yẹn ti lọ. Tìẹ, àfi kó o ní mẹ́dà ogun kan. GWOT Service Medal tó wà níbẹ̀ kò ka, gbogbo èèyàn ló ní i. GWOT EXPEDITIONARY Medal ló ka, ẹni tó bá sìn ní Kùwéètì ló sì ni ín. Orúkọ méjèèjì jọra débi pé àwọn akọ̀wé ń gbé ọ̀kan fún èkejì. Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí lo ṣe pàdánù máàkì márùn-ún.

Bí wàá ṣe kọ lẹ́tà ẹ nìyí, má kọ ìtàn ìgbésí ayé, ẹni tó máa kà á ní ọgọ́rùn-ún míì lórí tábìlì:

"Àpótí 1: ó kà pé OLUWASUEN. Ó yẹ kó kà pé OLUWASEUN. Ẹ̀rí: DD Form 4, ojú ìwé kìíní."

"Àpótí 12f: ó kà pé 0000 00 00. Ó yẹ kó jẹ́ oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀rí: LES oṣù báyìí títí dé oṣù báyìí, W-2 2012 lẹ́tà Q."

Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé àpótí 18, níbi tó yẹ kí wọ́n kọ "SERVICE IN KUWAIT" àti déètì ẹ̀ sí. Fọ́tòkọ́pì ni kó o fi ránṣẹ́ o, ojúlówó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ. Kọ nọ́ńbà sórí ojú ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan.

ARCOM nìkan ni mo ń bẹ̀rù fún. Láìsí òdà, Fort Knox ò ní fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ní kò sí nínú ìwé.

Ìyá Ìbejì (Maryland)

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni mo fẹ́ dá sí, torí ó ti sọ mí di ẹni ń sáré kiri rí. Èmi wá gba MAVNI wọlé, ètò tí wọ́n fi gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí sójà nílò, ẹ rántí pé èdè Yorùbá wà lára èdè tí wọ́n ń wá nígbà yẹn, àwọn Ìgbò àti Haúsá náà, inú wa dùn lọ́jọ́ yẹn pé èdè bàbá wa di ohun tí Pẹ́ńtágọ́ọ̀nù ń ná owó lé. Orúkọ bàbá mi ni mo fi sìn. Mo jáde tán ni mo tó ṣègbéyàwó, mo wá di Ìyáàfin Lágbájá, gbogbo ìwé mi yí padà, láìsẹ́nsì, páspọ́ọ̀tù, báǹkì. Mo wá rò pé kí n yí ti DD-214 náà. Mo kọ fọ́ọ̀mù DD-149 sí Bọ́ọ̀dù. Èsì dé: wọn ò gbà. Wọ́n ní ìwé sójà gbọ́dọ̀ sọ bí nǹkan ṣe rí NÍGBÀ TÍ MO Ń SÌN, orúkọ tí mo ń jẹ́ nígbà yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Mo bínú, àmọ́ nígbà tí mo ronú sí i, òótọ́ ni. Wọ́n ní àwọn á fi ìpinnu náà sínú fáìlì mi kí ìdàrúdàpọ̀ má bàa wà. Ní tèmi, níbikíbi tí mo bá ti ń lo 214, mo ń so sàtífíkéètì ìgbéyàwó mọ́ ọn, VA ò bá mi jiyàn rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ yí orúkọ padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ jáde, ẹ má fi ọdún kan dúró de Bọ́ọ̀dù lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ ṣì ní ọjọ́ tẹ́ ẹ wà nínú aṣọ, ẹ gbé ìwé ẹ̀rí ìbí àti páspọ́ọ̀tù ìgbà náà síwájú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí: àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò sí lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ṣọlá di SOLA, Ṣẹ́gun di SEGUN tàbí SHEGUN. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ rí i pé bákan náà ló rí lórí gbogbo ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní "SH" lórí Social Security, "S" lórí 214, wọ́n dá a dúró oṣù méjì lórí lẹ́tà kan.

Ìjẹ̀bú Boy (Lagos)

Bàbá mi jagun abẹ́lé ní Nàìjíríà, ọjọ́ ìbí ẹ̀ lórí ìwé sójà àti ti báǹkì ò dọ́gba, owó ìfẹ̀yìntì ti dúró. Ṣé fọ́ọ̀mù 149 yìí lè bá a ṣiṣẹ́?

Sájẹ́ńtì Tó Ti Fẹ̀yìntì (Killeen, Texas)

Rárá o àbúrò, ti Amẹ́ríkà ni gbogbo èyí. Ti bàbá, fáìlì sójà wọn wà ní Army Records ní Lọ́kọ́ja, owó sì wà lọ́wọ́ Military Pensions Board ní Àbújá. Ṣí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n máa wá dáhùn. Ẹ bá mi kí bàbá.

Aya Ọmọ Detroit

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi tún yàtọ̀. Bàbá ọkọ mi, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n, wọ́n jagun Kòríà, wọ́n jáde ní 1953. Wọ́n ti kú. A fẹ́ gba òkúta sàréè láti VA, a kọ̀wé sí St. Louis, wọ́n ní fáìlì náà ṣeé ṣe kó wà lára èyí tó jóná. Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa parí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin (Atlanta)

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Iná yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, July 12, 1973, àjà kẹfà ilé náà ló jó, ọjọ́ mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n fi pa á, fáìlì tó jó jẹ́ mílíọ̀nù 16 sí 18. Army tó jáde láàrin November 1, 1912 sí January 1, 1960, bíi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ. Air Force náà fara gbá a, àwọn tó jáde láàrin 1947 sí 1964 tí orúkọ wọn tẹ̀lé Hubbard nínú ábídí. Kò sí ẹ̀dà kankan, wọn ò ya á sí fíìmù. Àmọ́ jíjóná fáìlì kò pa bàbá rẹ́. Ìwé owó oṣù ìkẹyìn wọn wà níbòmíì, àwọn "morning report" tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́ nípa ẹni tó wà àti ẹni tí kò sí nínú kọ́ńpìnì wà níbòmíì, VA fúnra wọn lè ní fáìlì tí bàbá bá ti béèrè nǹkan kan rí. Ẹ béèrè pé kí wọ́n fi àwọn nǹkan yẹn tún un kọ́, wọ́n á fún yín ní NA Form 13038, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ dípò DD-214.

Ẹ tún lọ sí kóòtù kaùntì tí bàbá gbé lẹ́yìn ogun. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ sójà máa ń gbé ìwé wọn lọ síbẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Ọkọ yín ni kó kọ ọ́, ọmọ wà lára ẹni tí òfin kà sí ẹbí tó súnmọ́ òkú, ìyàwó ọmọ ò sí níbẹ̀.

Aya Ọmọ Detroit

Kóòtù kaùntì! A ò rò ó rí. Ọlọ́run á bù kún yín.

Aláìlórúkọ

Ẹ má bínú pé mo fi orúkọ pamọ́. Ní tèmi, àpótí 24 ni. "Under Other Than Honorable Conditions", ìyẹn ni pé ìjáde mi ò ní ọ̀wọ̀. Mo wà ní Afgánísítánì ní 2011, mo padà dé, n ò lè sùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mutí, mo pẹ́ síṣẹ́, mo sá lọ bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n lé mi ní 2012. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló ṣe ẹ́. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé kọ́ńtíráàtì mi ló parí. Ìyá mi kú láìmọ̀. Ṣé irú èyí ṣeé tún ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin (Atlanta)

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ó ṣeé gbìyànjú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ DD-215 o, ti Bọ́ọ̀dù ni, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ilẹ̀kùn méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni Discharge Review Board, fọ́ọ̀mù DD-293. Ọdún 15 péré ló ń ṣí sílẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n dá yín sílẹ̀. Ti 2012, 2027 ló máa tì. Ẹ wo ọjọ́ àti oṣù tó wà lórí 214 yín lónìí, kì í ṣe lọ́la. Níbẹ̀ ẹ lè béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fara hàn, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Ìkejì ni Board for Correction of Military Records, DD-149, ti Army ń jẹ́ ABCMR, Navy àti Marine ń lo tiwọn pa pọ̀. Èyí gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó lè fọwọ́ kan ipò, owó, ìfẹ̀yìntì àìlera. Òfin sọ pé ọdún mẹ́ta láti ìgbà tẹ́ ẹ ti rí àṣìṣe náà ni kẹ́ ẹ kọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n lè fojú fò ó fún ìdájọ́ òdodo, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ kàn gbọ́dọ̀ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi pẹ́. Ẹ má fi àyè yẹn sílẹ̀ lófo.

Ní 2014, mínísítà ètò ààbò ìgbà náà, Hagel, kọ ìwé sí àwọn Bọ́ọ̀dù pé tí PTSD (àìsàn ọpọlọ tó ń tẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú) bá wà nínú ọ̀rọ̀ sójà kan, kí wọ́n fi ojú inú rere wò ó. Ní August 2017 ìwé míì tún jáde, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Kurta, òun ló to ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀: ṣé àìsàn tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tó lè ṣàlàyé ìwà náà, ṣé nígbà iṣẹ́ sójà ló wà, ṣé òun ló fa ìwà náà lóòótọ́, ṣé ó wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ. Lẹ́tà yín, ẹ dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ lo nọ́ńbà wọn gan-an. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni ìkẹta: wọ́n á kó ìwé dókítà jọ pé wọ́n ní PTSD, wọn ò ní sọ bó ṣe di pé wọ́n sá lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ òru tẹ́ ẹ ò sùn. Ẹ ní kí ẹni tẹ́ ẹ jọ gbé yàrá kọ ohun tó rí, kó fọwọ́ sí i, kó kọ déètì.

Ẹ má rò pé Bọ́ọ̀dù máa wádìí fún yín. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ kẹ́ ẹ tó dé ni pé ìjọba ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ̀yin lẹ máa fi ìwé gbé ìgbàgbọ́ yẹn ṣubú. Àwọn ìpinnu wọn àtijọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti pa orúkọ rẹ́, ẹ wá mẹ́ta tó jọ tiyín, èyí tí wọ́n gbà àti èyí tí wọ́n kọ̀, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń ronú. Mo kọ́ ju ohun tí wọ́n kọ́ mi ní kíláàsì lọ nínú kíkà yẹn.

Yunifásítì tó ní ilé ẹ̀kọ́ òfin, ọ̀pọ̀ wọn ní kílíníìkì fún sójà àtijọ́, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ sójà àtijọ́ bí American Legion, DAV, VFW náà ní aṣojú tó máa bá yín kọ ọ́, ọ̀fẹ́. Ẹ fi sùúrù sí i: òfin ní kí Bọ́ọ̀dù parí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin oṣù mẹ́wàá, kó má sì sí èyí tó kọjá oṣù 18.

Kí èyí tó dé rárá, òfin 2018 jẹ́ kí VA lè tọ́jú ọpọlọ ẹni tó lọ ojú ogun bó tilẹ̀ jẹ́ OTH (Other Than Honorable) ni ìwé ẹ̀. Ẹ má dúró de Bọ́ọ̀dù. Tí òru bá gùn jù, ẹ pe 988, ẹ tẹ 1.

Ìyá Ìbejì (Maryland)

Bọ̀ọ̀dá Aláìlórúkọ, ẹ gba ìkíni mi. Tó bá jẹ́ Maryland lẹ wà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo mọ ibi tí kílíníìkì kan wà, mo máa bá yín lọ.

Aláìlórúkọ

Mo ti wo déètì náà. Oṣù kẹsàn-án. Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́rin yẹn sórí pépà, mo ti dáhùn méjì. Ìkẹta ló ń le. Ẹ ṣeun.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Houston)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá ròyìn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo fi ránṣẹ́, DD-215 dé lánàá! Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà tí mo ti gbà á lọ́wọ́ pósímáànù, mo ka orúkọ mi ní lẹ́tà lẹ́tà, O, L, U, W, A, S, E, U, N. Ìyàwó mi ní ṣé mo ń kọ́ ABD ni. Àpótí 12f ti di oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ mẹ́rin. GWOT Expeditionary Medal ti wọlé. Kùwéètì ti wà ní àpótí 18. Sà, LES yẹn ló ṣe é, mo rí mẹ́fà nínú íímeèlì àtijọ́ kan tí mo ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, W-2 náà ní Q.

ARCOM nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn, bẹ́ ẹ ṣe wí: "a ò rí òdà kankan". Ẹgbẹ́ mi àtijọ́ ò sí mọ́, wọ́n ti tú u ká. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ wa tírélà fi fọ́tò kan ránṣẹ́ lálẹ́ àná, èmi rèé níwájú ọkọ̀ ní Arifjan, oòrùn wọ̀ mí lójú, mo di sàtífíkéètì náà mú sí àyà. Téèyàn bá fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ẹ lè rí orúkọ mi àti apá kan déètì.

Sájẹ́ńtì Tó Ti Fẹ̀yìntì (Killeen, Texas)

Ẹ kú oríire! Ó yá, gbé 214 àti 215 padà lọ bá àǹtí yẹn láàárọ̀ ọ̀la, kò gbọ́dọ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

ARCOM, ó ku ọ̀nà méjì. Tí kámáńdà yẹn bá ṣì wà láyé tó sì rántí ẹ, ó lè kọ DA 638 (fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dábàá mẹ́dà) tuntun, kó gba ọwọ́ aṣòfin ẹ ní Kọ́ńgírẹ́sì wọlé, òfin gbà bẹ́ẹ̀ fún mẹ́dà tó ti pẹ́. Ìyẹn ń gba àkókò. Kó tó kan ìyẹn, wo ìsàlẹ̀ sàtífíkéètì inú fọ́tò yẹn lọ́wọ́ òsì, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà òdà sí. Tí nọ́ńbà bá ti wà, òdà wà níbì kan. Fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀, má gbé e síbí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Houston)

Mo ti fi ránṣẹ́ sà. Àtàǹpàkò mi ló bo ìdajì nọ́ńbà náà.

Sájẹ́ńtì Tó Ti Fẹ̀yìntì (Killeen, Texas)

Mo rí i. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ hàn: ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ nínú ọdún nìyẹn. Bi ọ̀rẹ́ ẹ bóyá ó ya fọ́tò kejì.